Bí a Ṣe Ń Múra Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Sílẹ̀ fún Ìrìn Àjò Inú Igbó láti Abẹ́òkúta

Bí ènìyàn bá gba Lafẹ́nwá jáde kúrò ní Abẹ́òkúta, tí ó kọjú sí ọ̀nà Ayétòrò, kì í pẹ́ tí yóò fi máa rí àwọn ọ̀nà tóóró tí ó ya kúrò lára títì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí wọ́n forí lé oko, abúlé àti etí odò. Lára wọn ni àwọn tí ó lọ sí agbègbè ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán, tí ìjọba ṣí ní ọdún 1983. Àwọn mìíràn ń lọ títí dé ìhà Ìmẹ̀kọ, níbi tí igbó ti fẹ̀, tí ilé sì ti jìnnà síra wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa àti òkúta wẹẹrẹ ni ó kún ojú ọ̀nà wọ̀nyí. Nígbà òjò, amọ̀ ibẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ táyà títí gbogbo ihò ojú rẹ̀ yóò fi dí, ọkọ̀ yóò sì máa yọ̀ bí ìgbà tí a da omi ọṣẹ sílẹ̀.

Ẹni tí ó ní píkọ́ọ̀pù, tí ó sì fẹ́ kí ó gbé òun lọ sí irú ibẹ̀ kí ó sì gbé òun padà, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Nínú ohun tí ojú mi ti rí, kì í ṣe àìní ohun èlò olówó ńlá ni ó sábà ń dá ọkọ̀ dúró sínú igbó. Róbà omi tí ó ti gbó ni, tàbí bátìrì tí orí rẹ̀ kò le dáadáa, tàbí táyà tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, tàbí ẹrù àpọ̀jù. Nítorí náà, ètò tí mo ń tẹ̀lé ni pé kí a kọ́kọ́ wo ọkọ̀ náà sàn, kí a fi ọ̀rọ̀ táyà tẹ̀lé e, kí a wá ohun tí a ó fi yọ ọkọ̀ bí ó bá rì, lẹ́yìn náà ni kí a tó náwó sórí àfikún. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ náà sàn

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, kí àyè lè wà láti dán ohun tí ó bá tún ṣe wò nínú ìlú. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó yẹ ọkọ̀ wò lásán. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó fọwọ́ kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í.

Kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti fílítà rẹ̀. Kí ó ṣí ọ́ìlì inú jíà wò, àti ti àpótí jíà tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti èyí tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ọ́ìlì náà bá ti funfun bí omi ògì, omi ti wọ ibẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fi ìka tẹ gbogbo róbà omi tí ó wọ rédíétọ̀ àti èyí tí ó jáde: róbà tí ó bá le gbagidi, tí ó wú, tàbí tí ó ń là bí àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ pa á dà. Ẹ ṣe bákan náà fún bẹ́líìtì. Àwọn tí ẹ bá yọ, tí wọn kò tíì já, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá kí ẹ sì fi wọ́n sí abẹ́ ìjókòó, nítorí pé wọ́n lè gbé ènìyàn délé lọ́jọ́ tí tuntun bá já.

Kí ó mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí jáàkì bá ti gbé e sókè, kí ó lè mọ̀ bóyá béárìn àti bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì ti ń yẹ̀. Kí ó wo ojú bíréèkì àti páìpù rẹ̀. Kí ó nu orí bátìrì, kí ó sì dè é kí ó má lè mì. Bátìrì 12 fóòtì tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì kún, yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn lórí ẹ̀rọ ìwọnná lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú. Bí ó bá ń fi 12.2 hàn, iná inú rẹ̀ ti tó ìdajì lọ, bí ó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ra tuntun.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, òun ni fọ́ọ̀-wíìlì fúnra rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa ọkọ̀. Mo ra píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan rí, mo sì lò ó fún nǹkan bí ọdún kan láàárín Pánṣẹ́kẹ́ àti Kútọ̀ láìfọwọ́ kan ibi tí a ti ń yí i. Ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ nínú amọ̀, mo yí i, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àwọn ẹsẹ̀ iwájú kò fa rárá. Ohun tí a kì í lò a máa dípẹtà. Láti ìgbà náà, mo ń yí i sí fọ́ọ̀-wíìlì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo sì ń wa ọkọ̀ ní ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ lórí ilẹ̀ eléruku. Ẹ má ṣe dán an wò lórí ọ̀dà gbígbẹ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà. Lórí eruku, táyà yóò yọ̀ díẹ̀, ara á sì tu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà kò sí ibi tí yóò yọ̀ sí, ìfúnpá náà á sì máa pọ̀ sínú ṣáfìtì àti jíà títí ohun kan yóò fi fọ́.

Lórí Hilux tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú wa, àmì mẹ́ta ni ẹ ó rí: H2 ni ti ojoojúmọ́, H4 ni ti ọ̀nà tí ó ń yọ̀, L4 sì ni ti ibi tí agbára púpọ̀ àti ìrìn jẹ́jẹ́ ti jẹ́ dandan. A lè bọ́ sí H4 bí ọkọ̀ ti ń lọ ní ìwọ̀nba eré, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dúró pátápátá, kí a sì yọ jíà, kí a tó bọ́ sí L4. Ẹ yí i kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀, ẹ má ṣe dúró títí ọkọ̀ yóò fi rì.

Ẹ ṣírò ìwọ̀n ẹrù kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù lọ nìyí. Ènìyàn a ra bọ́ńpà irin, a ra ẹ̀rọ ìfàkọ̀ (wíǹṣì tí ń fi okùn fa ọkọ̀ yọ), a gbé kánópì lé ẹ̀yìn, a gbé àgọ́ sùnlé lé orí kánópì, a sì wá máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí sípíríǹgì fi ń já. Píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n tí àwọn tí ó ṣe é fàyè gbà. Ẹ ó rí i nínú ìwé ọkọ̀ tàbí lára irin ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Fún ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin, kò ju nǹkan bí 1,000 kìlógíráàmù lọ, ènìyàn tí ó jókòó nínú rẹ̀ sì wà lára ìwọ̀n yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdánwò kan ṣírò rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlógíráàmù 75 ti di 300. Omi 60 lítà jẹ́ 60, nítorí pé lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan. Epo bẹntiróòlù 40 lítà jẹ́ 30. Bọ́ńpà irin tó nǹkan bí 70, ẹ̀rọ ìfàkọ̀ 38, kánópì 60, bátìrì kejì 28, àfikún táyà kan 35, àgọ́ orí ọkọ̀ 60, fíríìjì kékeré pẹ̀lú ohun inú rẹ̀ 35, irinṣẹ́ àti okùn 60. Gbogbo rẹ̀ ti di 776, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì di ẹ̀wà, gàrí, ìkòkò, aṣọ àti àpótí ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀nà tí ó dára ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n 1,000 yẹn. Lórí gegele àti kòtò, ẹrù kan náà a máa fi agbára tí ó ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ lu ṣáàsì. Èmi kì í jẹ́ kí tèmi ju 700 lọ, mo sì ti yọ àgọ́ orí ọkọ̀ kúrò nínú ètò mi pátápátá. Àgọ́ tí a ń ta sílẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn kò ju kìlógíráàmù mẹ́wàá lọ, ó sì ń jẹ́ kí orí ọkọ̀ fúyẹ́ nígbà tí ó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àpáta.

Bí ẹrù yín yóò bá wà lórí ọkọ̀ nígbà gbogbo, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn sí èyí tí ó lágbára díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí ó bá a mu. Ẹ má ṣe kàn fi irin kan kún èyí tí ó wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wẹ́dà, nítorí pé ọkọ̀ yóò le gbagidi, yóò máa fò, táyà kò sì ní máa fọwọ́ ba ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù. Ẹ tún má ṣe gbé ohun wíwúwo sí ìdí ọkọ̀ níbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí ó wúwo, omi, bátìrì, irinṣẹ́, kí ó súnmọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kí ó sì wà nísàlẹ̀. Ohun tí ó bá kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ máa ń fa ìdí ọkọ̀ wálẹ̀ bí ọ̀pá ìgbókùúta, ibẹ̀ gan-an sì ni ṣáàsì píkọ́ọ̀pù ti máa ń tẹ̀.

Táyà ni kí ẹ náwó sí jù

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni owó yín ká, ẹ fi ra táyà. Táyà ojú títì ní ihò kéékèèké tí amọ̀ ń dí kíákíá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Táyà oníhò ńlá gan-an dára nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pariwo lórí ọ̀dà, ó ń yára jẹ, kì í sì í di ọ̀nà mú dáadáa nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí títì. Fún ẹni tí ń gbé ní Abẹ́òkúta, tí yóò rin títì púpọ̀ kí ó tó dé ibi eruku, táyà tí ó wà láàárín méjèèjì, tí wọ́n kọ A/T sí lára, ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ kọ́ bí a ti ń ka ohun tí ó wà lára táyà. Bí ẹ bá rí 265/65R17, ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 265, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú náà, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 17. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e ń sọ ẹrù tí ó lè gbé: 112 túmọ̀ sí kìlógíráàmù 1,120 fún táyà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà nínú àpótí kékeré ní ìparí àwọn lẹ́tà DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tí ń ta táyà tòkunbọ̀ lè fi ọ̀dà dúdú kùn ún kí ó máa dán, ṣùgbọ́n kò lè yí nọ́ńbà yìí padà. Táyà tí ó bá ti ju ọdún mẹ́fà lọ, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ ga tó, èmi kò ní fi wọ igbó, nítorí pé róbà rẹ̀ ti ń gbẹ láti inú, ooru àti ẹrù ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni ó kàn, òun náà sì ni ó ya ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà nínú igbó sọ́tọ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín kù díẹ̀ a máa tẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ a gùn sí i, yóò lè di ilẹ̀ mú, yóò sì rọ̀ mọ́ òkúta dípò kí òkúta gún un. Bí ẹ bá ń lo 35 psi lórí ọ̀dà, ẹ sọ ọ́ di nǹkan bí 26 lórí ọ̀nà eruku tí ó kún fún gegele, kí ẹ má sì ṣe kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn jíjìn, ẹ lè sọ ọ́ di 18, ṣùgbọ́n ẹ rìn jẹ́jẹ́, kí ó má ju 30 lọ, kí ẹ má sì ṣe yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ lójijì, kí táyà má baà bọ́ kúrò lára ríìmù. Bí ẹ bá ti padà dé orí ọ̀dà, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ padà. Táyà tí kò kún, tí a sì fi ń sáré, a máa gbóná títí yóò fi ya.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ní géèjì tí ó péye àti pọ́ǹpù tí ń lo iná bátìrì. Ẹ ra pọ́ǹpù tí a ń fi kílíìpù kọ́ mọ́ orí bátìrì. Èyí tí a ń kì bọ ihò ìtanná sìgá kò lágbára tó fún táyà píkọ́ọ̀pù. Ẹ gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ fọ́kánáísà àdúgbò yín: ẹ ní kí ó kọ́ yín bí a ti ń fi okùn róbà dí pọ́ńkíṣọ̀ láìyọ táyà kúrò lára ríìmù, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ṣe é lẹ́ẹ̀kan níwájú rẹ̀. Pọ́ńkíṣọ̀ ojú táyà ni ó ṣeé dí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ya, táyà àfikún nìkan ni ó kù, ìdí nìyẹn tí táyà àfikún fi gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì pé.

Ohun tí a fi ń yọ ọkọ̀ tí ó rì

Ṣọ́bìrì ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni pákó méjì tí ó nípọn tàbí àwọn pátákó oníke oníhò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí ọkọ̀ bá rì, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ṣọ́bìrì, pákó àti afẹ́fẹ́ tí a dín kù ń yanjú. Nígbà tí ọkọ̀ bá rì, ẹ yára gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sí i ni ẹ óò máa walẹ̀ sí i. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wo ibi tí inú ọkọ̀ ti jókòó lé ilẹ̀, kí ẹ gbẹ́ amọ̀ ibẹ̀ kúrò, kí ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà geere síwájú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ ti pákó sí abẹ́ táyà, kí ẹ wá fi L4 jáde jẹ́jẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe láti gba ọ̀nà tí ẹ bá wá padà, ẹ gbà á, nítorí pé ẹ ti mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbé yín.

Jáàkì tí ó bá ọkọ̀ wá kò wúlò lórí amọ̀ àfi bí ẹ bá ní pákó pẹrẹsẹ tí ẹ lè fi sí abẹ́ rẹ̀. Kí ó fẹ̀ tó àtẹ́ àwọn oníkòkó, kí ó má sì rí tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ okùn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan, ní ọ̀nà kan tí kò jìnnà sí Ọ̀yán, ọkọ̀ wa rì dé ìdajì ẹsẹ̀. Ẹni tí ó wá ràn wá lọ́wọ́ fi okùn rẹ̀ kọ́ irin róbótó kan tí ó wà lábẹ́ bọ́ńpà wa, èmi náà sì rò pé ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Nígbà tí ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, irin náà já, ó fò bí ọta ìbọn, ó sì fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ó ba ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ṣe irin kékeré yẹn kí wọ́n lè fi de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí wọ́n bá ń kó o bọ̀ láti òkè òkun, wọn kò ṣe é fún fífà.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ìlú, ẹ lọ de ojúlówó irin ìfàkọ̀ mọ́ ṣáàsì níwájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú bóòtù líle, kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n kàn fi iná wẹ́dà lẹ̀. Ẹ lo irin títẹ̀ onísíkúrù tí a fi ń so okùn mọ́ irin ìfàkọ̀, tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí lára. Èyí tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù 4.75 sí tó fún píkọ́ọ̀pù. Ẹ má ṣe kọ́ okùn mọ́ bọ́ọ̀lù tí a fi ń fa tírélà láéláé. Okùn tí ń nà bí róbà yàtọ̀ sí okùn tí kì í nà: èyí àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ kejì lè fi sáré díẹ̀ kí ó tó fà, èkejì jẹ́ fún fífà jẹ́jẹ́ nìkan. Ẹ fi àpò tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ tàbí aṣọ wíwúwo lé àárín okùn kí ó lè fà á walẹ̀ bí ó bá já. Gbogbo ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọdé abúlé tí wọ́n máa ń wá wòran, gbọ́dọ̀ jìnnà ju gígùn okùn náà lọ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sí ẹ̀yìn tàbí iwájú.

Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ ìfàkọ̀, kí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Fún píkọ́ọ̀pù tí yóò wọn tọ́ọ̀nù 3, ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 4.5. Ẹ fi bẹ́líìtì fífẹ̀ yí ìdí igi, kí ẹ má ṣe fi wáyà ge èèpo igi olówó. Ní agbègbè wa níbi tí àpáta pọ̀, ó máa ń wu ènìyàn láti fi okùn yí òkúta ńlá. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi àpò ìrẹsì ìlọ́po mẹ́ta tẹ́ ibi tí etí òkúta bá ti mú, nítorí pé ó ń gé okùn bí ọ̀bẹ. Fún ẹni tí kì í dá rìn, mo gbà pé ọkọ̀ kejì àti okùn tó dára sàn ju ẹ̀rọ yìí lọ.

Odò àti eruku

Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn, bí ó bá sì mí omi sínú, ó parí. Páìpù ìmí tí ó gun ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lọ sí orí ọkọ̀ ń gba afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ ju ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ nínú eruku ọyẹ́, ó sì ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì nínú omi, ṣùgbọ́n kò sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tún na ọ̀pá ìmí àpótí jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn sókè pẹ̀lú róbà tẹ́ẹ́rẹ́ dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí jíà gbígbóná bá kó sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, yóò sì fa omi wọlé níbi ojú ìmí tí ó wà nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó wọ odò kankan, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín já pẹ̀lú ọ̀pá. Omi tí ń ṣàn tí ó bá ju orúnkún lọ, ẹ dúró dè é tàbí kí ẹ padà. Àwọn odò wa tí ń ṣàn lọ sínú odò Ògùn a máa kún lójijì nítorí òjò tí ó rọ̀ lókè, kódà bí ojú ọ̀run bá mọ́ lọ́dọ̀ yín. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nínú omi, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tan án. Ẹ fa ọkọ̀ jáde ná.

Iná

Bátìrì kan ni ó yẹ kí ó wà fún títan ẹ́ńjìnnì, òmíràn fún fíríìjì, iná àgọ́ àti fóònù. Ẹ jẹ́ kí ríwáyà tí ó mọṣẹ́ fi ẹ̀rọ tí ń ya wọ́n sọ́tọ̀ sáàárín wọn, kí èyí tí ẹ ń lò lálẹ́ má baà fa iná èkejì tán. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ojú ara yín rí ni fíùsì: kí ó wà nítòsí orí bátìrì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní ìkángun wáyà, nítorí pé wáyà tí irin ọkọ̀ bá họ kí ó tó kan fíùsì yóò jóná ni. Kí wọ́n ki wáyà bọ inú róbà oníhò níbi gbogbo tí ó bá ti gba ara irin kọjá. Páńẹ́ẹ̀lì sólà 100 wáàtì tó fún fíríìjì kékeré ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú.

Epo àti omi mímu

Ẹ má ṣe fi bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo lórí títì ṣírò. Bí ó bá ń jẹ lítà 12 fún 100 kìlómítà lórí ọ̀dà, ẹ ka 18 sí i nínú ẹrẹ̀. Táńkì 80 lítà, bí ẹ bá fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ pamọ́, yóò gbé yín rin nǹkan bí kìlómítà 355 péré. Àfikún epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wà nínú kẹ́ẹ̀gì òróró, kò sì gbọdọ̀ wà níbi tí ènìyàn jókòó sí. Ẹ lo agolo irin 20 lítà tí ìdérí rẹ̀ le, ẹ má ṣe kún un dé ẹnu, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó rọ epo sínú rẹ̀, kí ẹ sì dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Omi lítà márùn-ún fún ènìyàn kan lójúmọ́ ni mo máa ń gbé, ti ọjọ́ méjì ni mo sì ń fi kún un. Ẹ pín in sínú kẹ́ẹ̀gì kéékèèké. Bí ọ̀kan bá jò, ìyókù wà.

Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ní ìdè. Àpótí irinṣẹ́ tí a kò dè, bí ọkọ̀ bá ṣubú, yóò di òòlù. Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ nílò, ṣọ́bìrì, okùn, pọ́ǹpù, ohun èlò ìpaná, àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, kí ó wà ní ibi tí ọwọ́ lè tètè tó láìtú gbogbo ẹrù sílẹ̀ nínú òjò.

Ẹ fi ọ̀nà kúkúrú dán an wò

Ẹ kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀ bí ẹni pé ẹ ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá rin ìrìn ọjọ́ kan péré, bóyá sí ìhà Ọ̀dẹ̀dá, níbi tí ọ̀nà oko pọ̀ tí ilé kò sì jìnnà. Ẹ dín afẹ́fẹ́ kù, ẹ fẹ́ ẹ padà, ẹ pààrọ̀ táyà kan lórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ lo L4. Ní ọjọ́ yẹn ni ẹ óò mọ̀ pé wíìlì sípánà tí ẹ ní kò bá nọ́ọ̀tì ríìmù tuntun mu. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ti ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un dè.

Kí ẹ tó gbéra gan-an, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ óò gbà, abúlé tí ẹ óò sùn, àti wákàtí tí ẹ óò pe ilé, sórí ìwé fún ẹnìkan ní Abẹ́òkúta, kí ẹ sì fi ohùn sí ohun tí yóò ṣe bí kò bá gbúròó yín. Ẹ wa àwòrán ilẹ̀ sórí fóònù kí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ béèrè nípa ààbò ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí ń ná ibẹ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn àgbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Bí ẹ bá dé abúlé, ẹ lọ kí Baálẹ̀ kí ẹ tó ta àgọ́. Yàtọ̀ sí pé ìwà ọmọlúàbí ni, ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ wà ní ilẹ̀ òun ni yóò wá yín wá bí ilẹ̀ bá ṣú. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì, 122 sì ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó ń gbé wọn.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má ṣe gé ojú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, ẹ má sì ṣe so ó pinpin. Ẹ mú kí ó jókòó jẹ́jẹ́, ẹ fi igi gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà ró kí ó má mì, ẹ bọ́ òrùka àti aago, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó súnmọ́ jù. Ní Abẹ́òkúta, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Abà.

Lẹ́yìn ìpadàbọ̀

Ní ọjọ́ kejì, kí amọ̀ tó gan, ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú omi púpọ̀, pàápàá àyíká rédíétọ̀, bíréèkì àti orí ṣáàsì. Ẹ gbọn eruku inú fílítà afẹ́fẹ́, tàbí kí ẹ pa á dà bí ó bá ti dúdú. Bí ẹ bá la omi kọjá, ẹ tún ṣí ọ́ìlì jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn wò. Lẹ́yìn náà, ẹ tú gbogbo ẹrù sílẹ̀, kí ẹ sì ya ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn rárá sọ́tọ̀. Ọ́ìlì, táyà àfikún, irinṣẹ́, ohun èlò ìpaná àti àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ yóò padà sínú ọkọ̀. Ìyókù, ẹ gbé e sílé nígbà mìíràn.